Pọ́fà Kékeré Kì í Ṣe Ẹja Inú Abọ́

Ọmọ àdúgbò wa kan ní Parakin nílùú Ifẹ̀ níbí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ló gbé abọ́ gíláàsì kan wá bá mi ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Òkúta wẹẹrẹ aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀, ẹja mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju oríkèé àtàǹpàkò mi lọ sì sùn sórí òkúta náà. Pọ́fà ni wọ́n, ẹja tó ń wú bí ẹ̀rù bá bà á. Ikùn wọn ti wọnú, kò sí èyí tó mira nínú wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fún wọn lóúnjẹ o. Omi wọn ò sì dọ̀tí. Kí ló wá pa wọ́n?"

Mo bi í pé ìgbà wo ló ra abọ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹja ńkọ́? Ọjọ́ kan náà. Kí ló fi bọ́ wọn? Ó yọ ike kékeré kan lápò, oúnjẹ pẹlẹbẹ tó rí bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀. Mi ò bi í ní ẹ̀kẹrin mọ́.

Ohun tó ṣe é ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wa. A rí i pé ẹja náà kéré, a wá gbà pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn yóò kéré: abọ́ kékeré, omi díẹ̀, oúnjẹ fífọ́n, wàhálà díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kíkéré ẹja yìí gan-an ló mú kí títọ́jú rẹ̀ gba ọgbọ́n ju àrọ̀ tí ẹ ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé lọ. Àrọ̀ lè fara da omi burúkú, torí ó lè yọrí sókè kó fa afẹ́fẹ́. Pọ́fà kò ní àyè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹja tí mò ń sọ, torí orúkọ gan-an ló kọ́kọ́ ń da orí rú. Èyí tí wọ́n ń tà ní orúkọ "pea puffer" tàbí "dwarf puffer", tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Carinotetraodon travancoricus, ni. Íńdíà ni ilé rẹ̀, nínú àwọn odò tó ń ṣàn láti orí àwọn òkè Western Ghats ní ìpínlẹ̀ Kerala àti gúúsù Karnataka. Ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ méjì, Hora àti Nair, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Bó bá dàgbà tán, ó sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, èyí tó bá gùn jù lọ kì í ju 3.5 lọ. Inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé láti ìgbà tó ti wà nínú ẹyin títí dọjọ́ ikú. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ìdílé pọ́fà pọ̀, ọmọ ẹja ńlá sì máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá ń tà á. Èkó ni mo ti ra tèmi àkọ́kọ́. Òǹtàjà náà fi Ọlọ́run búra pé omi lásán ló ń gbé, pé kò ní ga ju báyìí lọ. Aláwọ̀ ewé títàn ni, àmì dúdú roboto wà lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹyin. Pọ́fà tí wọ́n ń pè ní green spotted ni, èyí tó ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì ń fẹ́ omi oníyọ̀ bó ṣe ń dàgbà. Oṣù bíi mélòó kan ló fi rọ lójú mi, èmi ń wá oògùn kiri, kò sì sóhun tó ṣe é ju pé mi ò fún un níyọ̀. Òmíràn tún wà tí àmì ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí òǹkà 8. Òun náà ń fẹ́ iyọ̀ díẹ̀.

Àwa náà sì ní tiwa o. Pọ́fà tí wọ́n ń pè ní fahaka, Tetraodon lineatus, wà nínú odò Ọya, ó wà nínú adágún Chad, ó wà nínú odò Náílì. Omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé lóòótọ́, àmọ́ ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 43. Bí apẹja kan bá bá yín mú ọmọ rẹ̀ wá, tó ní "ẹja tó ń wú nìyí," ẹ má gbé e sínú táǹkì àwọn kékeré yìí. Oúnjẹ ni yóò fi wọ́n ṣe.

Pọ́fà kékeré tiwa yìí kì í tàn yanran. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ìyeyè àti ewé tó ń gbẹ, àmì dúdú ara rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ ní kí òǹtàjà kọ orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ó yá, omi. Ibẹ̀ ni ikú wà.

Inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń ṣu sí. Ìgbẹ́ yẹn, pẹ̀lú oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ló ń di amóníà. Amóníà kò láwọ̀. Nínú omi tó mọ́ gaara ló ti ń jó ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ìdí nìyẹn tí "omi ò dọ̀tí" kì í fi í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Bí omi bá tún ṣe gbóná tó ni oró amóníà ṣe ń le tó, bí pH omi, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, bá sì ga, ó tún le sí i. Ẹ sì mọ bí yàrá ṣe máa ń rí nílùú Ifẹ̀ lóṣù kẹta.

Nínú odò, kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ amóníà yìí. Ó ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà ṣì lóró: ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ẹja á wá máa mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè. Kòkòrò mìíràn ló tún ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró bí kò bá pọ̀ jù. Orúkọ méjèèjì jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá.

Táǹkì tuntun kò ní àwọn kòkòrò yìí, tàbí kí n sọ pé wọn ò tíì pọ̀ tó nǹkan. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó ẹrù tí a fẹ́ gbé kà wọ́n lórí. Èyí ni mo máa ń pè ní kí omi gbó. Ẹni tó rẹ àgbàdo lónìí kò lè mu ògì rẹ̀ lónìí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì. Ẹ bu omi sí i, ẹ tan fílítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ẹ máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ láìsí ẹja kankan níbẹ̀. Oúnjẹ yẹn á jẹrà, á di amóníà, kòkòrò á rí nǹkan jẹ, á máa bí sí i. Ọmọ àdúgbò wa yẹn rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ kí n máa bọ́ omi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, omi ni kó máa bọ́.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbó? Ojú kò lè rí i. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò omi, irú èyí tí ẹ ó bu omi táǹkì sínú ìgò tóóró, tí ẹ ó kán oògùn sí i, tí ẹ ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí tó bá a wá. Amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Náítíráìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Náítíréètì, ẹ má jẹ́ kó kọjá mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Owó ohun èlò yìí ju owó ẹja lọ, mo mọ̀. Òun gan-an ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Inú fóòmù fílítà ni púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí ń gbé, kì í ṣe inú omi fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ fóòmù, tó fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ kó lè mọ́ tónítóní, ó ti pa gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù látinú táǹkì ni kí ẹ ti fún un, kó kàn lè jẹ́ kí omi kọjá. Kó rí wúruwùru díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin.

Ti bí táǹkì ṣe yẹ kó tóbi tó, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lítà 25 tí gbogbo wa ní nílé ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Pọ́fà kan ṣoṣo, ẹ fún un ní kẹ́ẹ̀gì kan, ó kéré tán. Mẹ́ta, ẹ fún wọn ní kẹ́ẹ̀gì méjì, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó dáa. Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, gba lítà 54. Kí ló dé tí omi fi gbọ́dọ̀ pọ̀ fún ẹja bín-íńtín? Ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ọbẹ̀ ènìyàn kan, kò ní ṣeé jẹ. Ẹ da ṣíbí kan náà sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìgbéyàwó, olùse gan-an ò ní mọ̀. Abọ́ gíláàsì lítà mẹ́ta yẹn, ìgbẹ́ òwúrọ̀ kan ti tó láti sọ ọ́ di májèlé.

Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dà tó ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà nù, ẹ fi tuntun rọ́pò. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, ṣùgbọ́n kànga tó bá sún mọ́ ṣaláńgá lè ti ní náítíréètì nínú kí ẹja tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ omi kànga fúnra rẹ̀ wò. Ẹ bi onílé léèrè bóyá wọ́n da álọ́ọ̀mù tàbí oògùn apakòkòrò sí kànga lọ́sẹ̀ yẹn. Omi ẹ̀rọ ní kiloríìnì. Ẹ bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, tàbí kí ẹ lo oògùn tó ń pa kiloríìnì. Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn omi odò. Wíwa góòlù ti sọ àwọn odò kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di pupa bí ẹrẹ̀, ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn kò yẹ ẹja kankan.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Fílítà fóòmù tó ń fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ni mo yàn, torí bí iná bá lọ, inú omi táǹkì náà ni fóòmù ṣì wà, kòkòrò inú rẹ̀ kì í tètè kú bíi ti fílítà tó dé pa. Àwọn pọ́ǹpù tó ń gba iná pamọ́ wà, kò wọ́n. Ooru wa náà dára fún un: ìwọ̀n 24 sí 28 ló ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún la sì ń rí ìyẹn láìlo ẹ̀rọ amómigbóná. Òru ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má gbé táǹkì sójú fèrèsé. Ẹ má sì fọ́n oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá tó wà. Ìwọ̀nba tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan ń pa ẹja.

Ewéko ni ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ tí ilẹ̀ wa fún wa. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nínú àdúrà pé ojúoró ní í lékè omi. Ojúoró yẹn gan-an, bó ṣe ń léfòó, náítíréètì inú omi ló ń jẹ, gbòǹgbò rẹ̀ á sì di igbó tí pọ́fà á máa sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá já a látinú odò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi sínú bàsíà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbé e wọ táǹkì, nítorí ọmọ lamilámi máa ń fara pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀, ó sì ń pa ẹja kékeré jẹ.

Oúnjẹ ló kàn. Pọ́fà kò ní eyín bíi ti ẹja yòókù. Eyín rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di pẹlẹbẹ mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ó sì rí bí ẹnu ayékòótọ́. Bí èékánná ló ṣe ń hù láìdúró. Ìgbín omi tó ní èèpo ló ń fi pọ́n ọn, bí kò bá rí i jẹ, eyín lè hù débi tí ẹnu ò ní lè là dáadáa. Oúnjẹ fífọ́n tó rí bí èèpo àlùbọ́sà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ wò ó. Ohun tó ń mira ni wọ́n ń jẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí táǹkì mi, mo sì ju ìgbín wẹẹrẹ kan sí i. Ọ̀kan nínú wọn yọ lẹ́yìn ewé. Kò sáré. Ó dúró gbagidi sójú kan bíi hẹlikópítà, ìyẹ́ ara rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò lè rí i. Ojú ọ̀tún ń wo ìgbín, ojú òsì ń wo èmi. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń dá yí lọ́tọ̀. Ó tẹ ìrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn. Ìgbín náà na ìwo rẹ̀ síta. Kàù! Ó ti gé e. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó tún padà wá. Nígbà tí mo fi máa pa tọ́ọ̀ṣì, èèpo lásán ló ń yí gbirigbiri sílẹ̀.

Ẹ sin ìgbín fúnra yín nínú bàsíà kan. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bọ̀ díẹ̀ àti èèpo ẹyin ti tó wọn. Ẹ gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja. Ẹ má lọ fọwọ́ lásán ṣà á lódò, torí irú àwọn ìgbín wẹẹrẹ inú odò wa kan ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, láti inú omi ibẹ̀ ló sì ti ń gba ara wọ ènìyàn. Èyí tó ní èèpo gígùn ṣóńṣó náà kò dára. Èèpo rẹ̀ le jù, ó lè ṣẹ́ eyín ẹja.

Tanwíji, ìdin ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi òjò, ni àkàrà wọn. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn apá yìí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá gbé abọ́ omi síta kí ẹ̀fọn lè yé sí i, ẹ fi asẹ́ kó wọn ní ọjọ́ kẹrin. Bí ẹ bá gbàgbé títí ó fi di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn lẹ ń sìn nìyẹn. Àwọn tí kò fẹ́ wàhálà ń ra ìdin pupa tí wọ́n ti mú dì. Ẹ jẹ́ kó yọ́ kí ẹ tó fún wọn, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ kó ìyókù jáde.

Ikùn wọn ni kí ẹ máa wò. Kó rí roboto díẹ̀, kó má dà bíi bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá wò ó láti òkè tí orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, ebi ń pa á ni, tàbí aràn ń bá a jẹun. Inú odò ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà aràn wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹja tó ń jẹun dáadáa tó ń rù, tó sì ń ṣu ìgbẹ́ funfun bí òwú, aràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà ẹranko ní ìwọ̀n tó yẹ. Pọ́fà kò ní ìpẹ́. Oògùn tí ẹja onípẹ́ gbà mọ́ra lè pa á, pàápàá èyí tó ní kọ́pà nínú. Iyọ̀ tí àwọn kan ń dà sí omi fún gbogbo àìsàn, ẹja yìí kò nílò rẹ̀.

Oníjà ni wọ́n. Ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ ẹja onírù gígùn, ìrù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Láàárín ara wọn pàápàá, akọ kì í fẹ́ rójú akọ. Akọ máa ń ní ìlà dúdú kan nísàlẹ̀ ikùn bó bá dàgbà, abo sì máa ń rí roboto jù ú lọ. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta ló dára, kí ewé pọ̀ láàárín wọn tí wọn ò fi ní máa rí ara wọn. Ọ̀kan ṣoṣo náà kì í ṣe ìyà, mo ti sin irú rẹ̀ rí, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ rí i kó wú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dẹ́rù bà á nítorí ìyẹn. Ẹ̀rù ikú ló ń mú un gbé omi mì títí ikùn rẹ̀ á fi dà bíi fèrè tí ọmọdé fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ fi ife bù ú pẹ̀lú omi. Bó bá wú nígbà tó wà lókè omi, afẹ́fẹ́ ló máa gbé mì, ó sì lè ṣòro fún un láti tú u jáde.

Ọ̀pọ̀ pọ́fà ló lóró nínú ara, iná kì í sì í pa oró náà. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹja tó kéré báyìí se ọbẹ̀, àmọ́ ológbò wà nílé. Èyí tó bá kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Ọmọ àdúgbò wa ti ra táǹkì báyìí, lítà 54. Mo gé ìdajì fóòmù tèmi fún un kí kòkòrò ibẹ̀ lè tètè bí sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé ìgò àyẹ̀wò rẹ̀ wá: amóníà, òdo, náítíráìtì, ó ṣì pupa díẹ̀. Mo ní kó padà sílé. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé táǹkì rẹ̀ kún fún omi àti ìgbín nìkan.